Ṣúgà Màlúù Ló Tú Àṣírí Ìyá Láàbù

Bí ẹnikẹ́ni bá ń pè yín ní ọmọ òun níbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ti bí tirẹ̀. Bó bá ti bí i, ẹ tún wádìí bóyá ọmọ náà ń wáṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò wádìí. Ó kàwé débi tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí, ó gboyè ọ̀mọ̀wé, ó sì wọ láàbù ńlá kan láti ṣe irú ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun máa ń ṣe lábẹ́ àgbà kí wọ́n tó lè dá dúró. Ọgbọ́n tí èèyàn fi ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí kún orí rẹ̀. Èyí tó yẹ kó fi rí ènìyàn ni kò tó.

Oníṣúgà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ìwádìí rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní ṣúgà wínníwínní tó so mọ́ ọn lóde ara, bí irun ṣe so mọ́ awọ. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì. Gíláíkàn ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń dì mú kí wọ́n tó wọlé, bí olè ṣe ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oníṣúgà ń wá ṣúgà tí èyí ń dì mú. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a lè wá oògùn tí yóò bò ó mọ́lẹ̀, kí olè dé ẹnu ọ̀nà kó má rí nǹkan dì mú.

Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn kò gba àlàyé yìí rárá. Láti ojú fèrèsé ni yóò ti pariwo: "Dókítà Oníṣúgà! Ṣúgà mi tún ti gòkè o!"

"Mà, kì í ṣe irú ṣúgà yẹn ni mo ń tọ́jú."

"Irú wo ló tún wà? Ẹ̀yin dókítà, ẹ kì í sọ òótọ́ fún aláìsàn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ló ni láàbù náà. Ìyá Láàbù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Oníṣúgà dé, ó dì mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn. "Má pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n o. Mọ̀mí ni kó o máa pè mí. Ọmọ mi lo jẹ́, ilé rẹ nìyí."

Oníṣúgà kò ní ìyá mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ibi tó ń dùn ún. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, Ìyá Láàbù fúnra rẹ̀ gbé ọsàn wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ní kó gba ọta fún Mọ̀mí, yóò bèèrè ibi tó yẹ kí òun dúró sí.

Ìyá Láàbù ní ọmọ tirẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo. Òun náà gboyè ọ̀mọ̀wé, láàbù kan náà ló sì ń jókòó sí nígbà tó ń wáṣẹ́. Ọmọ Ọ̀gá ni a ó máa pè é. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ṣàlàyé iṣẹ́ tí kò ṣe, ẹni tó ṣe é gan-an á fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó máa ń ṣàwàdà. Láràárọ̀ tí Oníṣúgà bá ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, Ọmọ Ọ̀gá á yọjú: "Àǹtí Sẹ́ẹ̀lì, ṣé àwọn ọmọ yín ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní kí n bá wọn bèèrè ìgbà tí ìwọ máa wá bọ́ wọn."

"Èmi kẹ̀? Ọmọ tí kò lè sunkún, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ebi ń pa á?"

Sẹ́ẹ̀lì tí à ń sọ yìí, ti ènìyàn ni. Inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó móoru bí ara èèyàn. Oúnjẹ wọn jẹ́ omi pupa kan. Wọ́n máa ń bu omi tí wọ́n sẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù sínú rẹ̀, nítorí òun ló ń mú sẹ́ẹ̀lì sanra. Oúnjẹ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ni yóò padà sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Oníṣúgà rí ohun tó ń wá. Ṣúgà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì náà tí fáírọ́ọ̀sì ń dì mú. Nígbà tó fi oògùn fá ṣúgà náà kúrò, fáírọ́ọ̀sì rìn káàkiri ògiri, kò rí ọ̀nà wọlé. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ láàbù lọ́wọ́, ohun tí òfin wọn kò gbà.

"Mọ̀mí! Ẹ wá wò ó! Mo ti rí ilẹ̀kùn!"

Ìyá Láàbù fojú sí ẹnu máíkírósíkóòpù, ó gbé ojú kúrò, ó tún fi sí i. Ó jó láàárín àwọn tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìgò. "Ọmọ mi! Ìwọ lo máa gbé èyí lọ síwájú àwọn onímọ̀ níbi ìpàdé ọdún yìí. Ipò olùwádìí àgbà tó ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ni àwárí yìí la máa fún. Ta ló tún kù bí kò ṣe ìwọ?"

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Àdéhùn iṣẹ́ Oníṣúgà ti fẹ́ tán. Bí ipò yẹn bá bọ́, kò sí ibòmíràn. Nínú iṣẹ́ wọn, orúkọ tó wà lórí àwárí nìkan ni ẹ̀rí pé èèyàn gbé ayé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ì báà jẹ́ ojú rẹ̀ ló fọ́ sórí máíkírósíkóòpù.

"Kó gbogbo àwòrán rẹ̀ fún mi, kí n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò," ni Ìyá Láàbù wí. "Kó o sì kọ́ àbúrò rẹ. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá dùn ọ́ lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Oníṣúgà kó o fún un. Ó tún jókòó ti Ọmọ Ọ̀gá, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní á-bí-dí. Ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́mọ náà bi í: "Àǹtí, ṣé ibí ni wọ́n á ti pàtẹ́wọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn ún títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ẹ̀jẹ̀ màlúù tán ní láàbù, àwọn tó ń tà á kò sì tètè kó òmíràn wá. Oníṣúgà kò fẹ́ kí ebi pa sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó ra oúnjẹ tuntun kan tí kò sí ohun ẹran kankan nínú rẹ̀, ó ń fi bọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n sanra tán, ó tún da fáírọ́ọ̀sì sí wọn, kó lè fi ìdí àwárí rẹ̀ múlẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì kò wọlé.

Kò tíì fá ṣúgà kankan kúrò o. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ó wo ara sẹ́ẹ̀lì, kò bá ṣúgà náà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ màlúù dé, ó bu díẹ̀ sínú oúnjẹ àwọn kan. Ṣúgà padà sí wọn lára, fáírọ́ọ̀sì sì wọlé.

Ó jókòó sórí àpótí láàbù, ó káwọ́ lérí. Ṣúgà yẹn kì í ṣe ti ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì jẹ ẹ́ nínú oúnjẹ, ó sì fi ṣẹ̀ṣọ́ ara. Ilẹ̀kùn tó sáré kiri nítorí rẹ̀, ilẹ̀kùn ilé màlúù ni.

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé àwárí gan-an ló tún jẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ láàbù ló ń fi oúnjẹ tan ara wọn jẹ. Ó nu ojú, ó gba ọ́fíìsì Mọ̀mí lọ láti sọ fún un kó tó pẹ́ jù.

Ọmọ Ọ̀gá wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń tẹ fóònù.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa sẹ́ẹ̀lì wa..."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀. Jókòó." Ìyá Láàbù ń tún nǹkan orí tábìlì tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. "Àbúrò rẹ ló máa sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé."

"Kò burú, mà. Èmi á jókòó níwájú, tí wọ́n bá bi í ní..."

"Orúkọ èmi àti òun la fi sí i. A ti fi ránṣẹ́."

Oníṣúgà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin àti òun. Èmi ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ láàbù nísàlẹ̀. O wà nínú wọn."

"Mọ̀mí, èmi ni mo rí i."

"O bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Nínú láàbù tèmi, ẹni tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ni èrò." Ohùn rẹ̀ tún rọ̀, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì. "Ọmọ mi, ìwọ mọ iṣẹ́, ibi tó o bá dé, wàá rí ṣe. Òun ti wáṣẹ́ títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣé ìyá kì í ní kí ẹ̀gbọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún àbúrò ni?"

Ọmọ Ọ̀gá kò gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe é."

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n má ṣe é?"

Ó padà sí fóònù rẹ̀.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Oníṣúgà ti mọ òwe náà látìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Kò mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ òun náà ni wọ́n máa já láti fi ṣe ti ọmọ wọn.

Ó rántí ohun kan nípa fáírọ́ọ̀sì. Kì í múra bí ọ̀tá. Ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì onílé fúnra rẹ̀ ṣe ni fáírọ́ọ̀sì máa ń wọ̀ sọ́rùn, kí ara tó bá rí i lè rò pé ẹbí ni.

"Kí lo fẹ́ sọ nípa sẹ́ẹ̀lì?" ni Ìyá Láàbù bi í.

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ó wo ọwọ́ tó nà sí i lórí tábìlì, ọwọ́ tó kan iwájú orí rẹ̀ lọ́jọ́ ibà.

"Kò sí, mà. Mo kàn wá kí yín ni."

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dá máṣíìnì dúró títí tó fi rojọ́ tán. Ó ré òwú, ó yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí wá ni wọ́n jí gan-an? Iṣẹ́ tó dára àbí èyí tó bàjẹ́?"

"Èyí tó bàjẹ́."

"Wọn ò sì mọ̀ pé ó bàjẹ́?"

"Wọn ò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ẹni tó bá jí aṣọ tí a kò tíì rán tán lórí tábìlì mi, èmi kì í lé e o. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́ jáde. Abẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí i kú ìnáwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tí wọ́n bá lọ ń bo ilẹ̀kùn màlúù, tí àwọn aláìsàn ń dúró..."

"Ta ló jí i, ìwọ àbí àwọn? Fi wọ́n sílẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò ní bo ibi yìí. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Kò ṣàìgbìyànjú: ó tún padà dé ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, ó gbé ọwọ́ láti kàn án. Ó gbọ́ tí Ìyá Láàbù ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa sinmi kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́nà kan tí kò bójú mu. Ó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì láràárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí Mọ̀mí, ó ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà, ni Oníṣúgà jókòó sí, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Ìyá Láàbù wà níwájú, ó yí ọrùn bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ. Ọmọ Ọ̀gá bọ́ síta nínú kóòtù tuntun, wọ́n sì tan àwòrán iṣẹ́ náà àti orúkọ àwọn tó ni ín sójú ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gbọ́, ọmọ náà mọ̀rọ̀ sọ. Gbogbo gbólóhùn tí Oníṣúgà fi kọ́ ọ ló lò, títí kan èyí tó fi ṣàwàdà. "Olè dé ẹnu ọ̀nà, kò rí nǹkan dì mú!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Oníṣúgà jókòó, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Bàbá àgbà kan dìde. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti lò lórí ṣúgà ara, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn náà.

"O ṣeun, ọmọkùnrin. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí. Ìbéèrè kékeré ni mo ní. Kí ni sẹ́ẹ̀lì yín ń jẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí gbogbo ayé fi ń bọ́ wọn ni, sà."

"Mi ò bi gbogbo ayé, ìwọ ni mo bi. Ṣé ẹ̀jẹ̀ màlúù wà níbẹ̀?"

"Ó... ó yẹ kó wà níbẹ̀, sà. Tàbí kó má sí."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo bọ́ wọn ni?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí," ni Bàbá Onígíláàsì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo mọ ṣúgà tó wà lójú ògiri yẹn. Ara màlúù ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ènìyàn kì í dá a ṣe. Ǹjẹ́ ẹ ti fi oúnjẹ tí kò ní ohun ẹran nínú dán an wò?"

Ọmọ Ọ̀gá wo ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

Ìyá Láàbù fò dìde. Ẹ̀rù ló bà á, ìfẹ́ ọmọ ló sì fọ́ ọ lójú. Kò sí ohun tí ìyá ò lè sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọmọ mi láàmú! Òun kọ́ ló bọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn, kò fọwọ́ kàn án rí! Ẹni tó ṣe é nìyẹn lẹ́yìn lọ́hùn-ún!" Ìka rẹ̀ nà gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà. "Òun ló bọ́ wọn, òun ló da fáírọ́ọ̀sì sí wọn, òun ló ya gbogbo àwòrán tí ẹ̀ ń wò yìí, òun ló sáré wá bá mi pé òun ti rí i! Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni látòkèdélẹ̀!"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn.

Bàbá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó dá a padà sójú. "Ọmọ yín kò fọwọ́ kàn án rí," ó ń tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tirẹ̀ ni látòkèdélẹ̀. Mo gbọ́. Orúkọ méjì ni mo rí lójú ògiri. Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

Ìyá Láàbù ṣì na ìka. Kò rí ibi tó máa gbé e sí.

Oníṣúgà lè ní òun ò mọ nǹkan kan. Orúkọ òun kò sí níbẹ̀, ta ló lè mú un? Kó fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn màlúù wọn, kó jáde lọ. Ẹnu ọ̀nà ò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá gba àṣìṣe náà, kò ní iṣẹ́ kankan láyé yìí tó lè pè ní tirẹ̀.

Ó dìde. Àga náà ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é, sà. Àṣìṣe sì ni. Mo ti fi oúnjẹ mìíràn dán an wò. Ṣúgà náà kò sí níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì kò sì wọlé."

"O mọ̀?" Igbe ni Ìyá Láàbù fi sọ ọ́. "O mọ̀, o sì jẹ́ ká dúró síbí? Ìwọ tí mo mú bí ọmọ?"

"Mo wá sọ fún yín, mà. Ọjọ́ tí mo wá lẹ sọ pé ẹni tó ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ni èrò. Ni mo bá gbé èrò mi padà sílé."

Ẹnì kan súfèé. Bàbá Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kó o sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀," ló wí.

"Mo mọ̀, sà."

Ẹ máà retí pé wọ́n gbé e gun ẹṣin. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso láàbù jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí Ìyá Láàbù lọ sinmi díẹ̀; ó sinmi, ó padà dé, ó ṣì wà lórí àga náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ Ọ̀gá rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fún owó, kò sì burú, ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Oníṣúgà ni wọn kò tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní ó mọ òtítọ́, ó sì pa á mọ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jalè ń jẹun lórí àwo olóhun, ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n lé síta! Mélòó nínú yín ló ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn báyìí, tí wọ́n ń fi "ọmọ mi" pa yín lẹ́nu mọ́? Ẹ bèèrè orúkọ yín lónìí, nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ sókè, bí inú tilẹ̀ ń bí yín. Òtítọ́ tí ẹ bá gbé pamọ́ láti fi gbẹ̀san, ẹ̀yin náà ló máa kọ́kọ́ gún.

Ó ṣe, ó rí iṣẹ́ ní láàbù kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ibẹ̀ ló ti parí iṣẹ́ ṣúgà màlúù náà, ìwé ìwádìí náà sì jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní iwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé ní kí wọ́n ka àkọlé rẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ó mi orí. "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ pé ṣúgà ni."

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun yẹn, ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ilé rẹ nìyí."

Oníṣúgà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé ọwọ́ náà kúrò léjìká.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní orúkọ. Òun ni kí ẹ máa pè mí."